Ta Ló Dé Ọ̀pá Ẹrẹ̀ Sódì?

Ìgbà karùn-ún rèé tí Toyoko Kusumi ń fọ ìgò kan náà. Ó ti fi ọtí líle ṣan án, ó ti yan án nínú ààrò títí ìdọ̀tí tó bá kù nínú rẹ̀ fi jóná, síbẹ̀ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nabeshima, ọ̀gá rẹ̀, ń sọ kò yí padà: ọwọ́ Toyoko ló lọ́ràá.

"Ọwọ́ rẹ ni, Kusumi-san," ni ó wí láàárọ̀ Jímọ̀ náà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná. "Lọ fọ ìgò rẹ."

Ká sọ òótọ́, gbogbo rẹ̀ ti sú Toyoko. Ọdún mẹ́rin ló ti ń wá ọ̀rá àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń gbé nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, tí wọ́n ń jẹ gáàsì mítéènì bí èèyàn ṣe ń jẹ ìrẹsì. Bí wọ́n bá kú, ọ̀rá ara wọn a máa wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Kábọ́ọ̀nù inú ọ̀rá ọ̀hún sì fúyẹ́ débi pé kò sí ọmọ èèyàn tó lè ní irú rẹ̀ lára ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ta ló ń jẹ mítéènì? Àmọ́ ta ló máa bi Sensei, bí gbogbo wọn ṣe ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ibi tí gáàsì tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ti ń pàdé iyọ̀ tó ń wọlé láti inú omi òkun ni àwọn kòkòrò náà máa ń kóra jọ sí. Nínú ọ̀pá keje, páìpù oní-mítà mẹ́rin tó kún fún ẹrẹ̀ tí wọ́n fà yọ nísàlẹ̀ òkun nítòsí ìlú Niigata, omi tí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó fi ìdérí dé ọ̀pá náà fi hàn pé mítà kan sí etí òkè ọ̀pá ni ìpàdé yìí wà. Ọ̀rá wá ń jáde ní mítà kan sí etí ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Ẹrẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú fìríìjì. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an sì ni ìwé ìwádìí tí yóò fi gba oyè gbọ́dọ̀ wọ ọ́fíìsì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa Ọ̀jọ̀gbọ́n lára rẹ̀. Bí kò bá wọlé, ọdún kan gbáko tún lọ nìyẹn, iṣẹ́ tó ń dúró dè é yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ó gbé ìgò sílẹ̀. Bí ìgò bá mọ́, tí ọwọ́ sì mọ́, kí ló kù? Ó mú bébà tó ya ìlà ọ̀rá sí, ó dorí rẹ̀ kodò. Gbogbo rẹ̀ bá ìlà tó wà lórí bébà ti omi mu géérégé.

Ìdérí búlúù la fi ń dé òkè ọ̀pá, a ó fi funfun dé ìsàlẹ̀. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá ò lè ṣì í. Toyoko wọ bàtà, ó sáré nínú yìnyín lọ sí ilé ìkẹ́rùsí etí èbúté, níbi tí Bàbá Ugajin, tó ti ń fa ẹrẹ̀ lójú ọkọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ti ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n mọ ní ìṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pá keje tẹ́ ẹ fà nígbà ooru. Ta ló dé e?"

Bàbá jẹ tẹnu rẹ̀ tán pátápátá kó tó dáhùn. "Sensei ni. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ló máa dé e, torí àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò."

"Èwo ni wọ́n fi dé òkè?"

"Funfun."

"Ẹ rí i?"

"Gbogbo wa la rí i. Àwa mẹ́sàn-án."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A pàtẹ́wọ́."

Toyoko ò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó ké. "Bàbá! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́! Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń fọ ìgò!"

"Níwájú kámẹ́rà, ọmọ mi? Ṣé kí n ní, 'Sensei, ẹ ti dorí òkun kodò'?" Ó nu ẹnu, ó mú kóòtù rẹ̀. "Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Aago mẹ́ta ti lù nígbà tí Toyoko tẹ́ bébà méjèèjì síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Sensei, ó jọ pé wọ́n dé ọ̀pá keje sódì."

"Àwọn wo ló dé e?"

Kó tó lanu, Bàbá Ugajin ti tẹ̀ ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. "Èmi ni, Sensei. Ẹ foríjì mí. Ojú ti ń di bàìbàì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo bébà náà pẹ́. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n wẹ̀ẹ̀. Toyoko rí i kedere pé ó rántí ẹni tó dé e.

"Ẹ máa ṣọ́ra, Ugajin-san," ni ó wí níkẹyìn. "Ọjọ́ orí ti dé." Ó yíjú sí Toyoko. "Kọ ọ́ síbi tí o ti ṣàlàyé bá a ṣe kó ẹrẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. A kì í fi nǹkan pa mọ́ nínú iṣẹ́ wa." Ó yọ òǹtẹ̀ nínú àpótí, ó dì í mú, ó ń dúró.

Gbogbo èébú tí Toyoko ti dì sílẹ̀ fún àwọn mẹ́sàn-án tó pàtẹ́wọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, ó gbóná. Ó wo bàbá. Bàbá mi orí sí i díẹ̀, bí ẹni pé kó ṣe kíá. Ó mú bírò. *Àṣìṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀, S. Ugajin,* ni ó kọ, lẹ́tà rẹ̀ sì rẹwà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n lu òǹtẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an ni, Sensei," ni Toyoko wí. Ó tẹríba, orí rẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti bàbá lọ.