Ilẹ̀kùn Ààrò Ni

Ẹni tí inú kì í bí kò yẹ kí ó gbà láti ṣe bí ẹni tí inú ń bí. Bí ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Télọ̀ Pẹ̀lẹ́ bá ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kí ó tó tẹ̀ lé ayàwòrán wọ yàrá ìyàwòrán, orúkọ rẹ̀ kì bá tí bàjẹ́, iwájú orí Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn kì bá sì tí wú.

Aṣọ obìnrin nìkan ni Télọ̀ Pẹ̀lẹ́ ń rán. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́ ni pé kì í gé aṣọ láìkọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fẹ́ ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ, yóò ní, "Pẹ̀lẹ́." Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ni yóò kí, kì í ṣe ìka rẹ̀ tí ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ní ilé búrẹ́dì ní òdìkejì ọ̀nà, yàtọ̀ sí i bí iyọ̀ ti yàtọ̀ sí ṣúgà: obìnrin gíga ni, alápá líle, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi tí ó ń lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ayàwòrán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti télọ̀ sáré wọlé, òógùn bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o! Ẹgbẹ́ Ìdáàbòbò Ìdílé gbé iṣẹ́ fún mi. Àwòrán ọkùnrin tó fẹ́ na ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́, wọ́n máa gbé e sórí pátákó ńlá ní oríta. Ọkùnrin tí mo bẹ̀ ò wá, obìnrin ò wá, ọ̀la ni wọ́n sì ń bọ̀ wá gbà á."

"Àbúrò, èmi kọ́. Ojú mi ò le."

"Inú òkùnkùn lojú yín máa wà. Ìyá tó bí yín gan-an ò ní dá yín mọ̀."

Àìmọ̀-bí-a-ti-ń-kọ̀ ni àrùn tí ń bá Télọ̀ Pẹ̀lẹ́ jà. Ó tẹ̀ lé e. Níwọ̀n bí kò ti sí obìnrin, wọ́n gbé ọmọlangidi onígi tí télọ̀ fi ń wo bí aṣọ ti jókòó, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ọmọlangidi náà kò ní orí, nítorí náà wọ́n ká àkísà bí orí, wọ́n sì wé gèlè sí i. Wọ́n tún mú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí télọ̀ fi kọ́ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi wọ̀ ọ́. Ẹ̀wù ìyàwó télọ̀ ni. Ó gbé e wá kí ọkọ òun lè bá òun tú apá rẹ̀ kí ó fẹ̀ sí i.

Ayàwòrán ní kí ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ó gbé e. Ó wo ọmọlangidi nílẹ̀, àánú ṣe é, ó ní, "Pẹ̀lẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kì í kí ẹni tí ẹ fẹ́ nà!"

Wọ́n tún un ṣe títí, pẹ̀lẹ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Níkẹyìn, ayàwòrán fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ronú, ó ní, "Ẹ rántí oníbàárà tó gbé aṣọ wá láàárọ̀, tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ jáde lálẹ́."

Ojú télọ̀ yí padà. Iná ẹ̀rọ kọ mànà. Àwòrán dé.

Nígbà tí wọ́n gbé pátákó náà dúró ní oríta, ó hàn pé ayàwòrán kò parọ́: ojú ọkùnrin inú àwòrán dúdú bí inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n télọ̀ kì í bọ́ téèpù lọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kì í ti í bọ́ etí. Kò rántí pé ó wà níbẹ̀. Ayàwòrán tí ó ti ń rí i lọ́rùn rẹ̀ lójoojúmọ́ kò sì rí i mọ́. Téèpù náà rọ̀ wálẹ̀ ní àyà ọkùnrin abìjà náà, ó funfun báláú. Ní ti ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, kò sí ẹlòmíràn tí ó ní irú rẹ̀ láti òkè odò dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí, àti ọ̀rọ̀ yìí: BÍ Ó BÁ NÍ ÒUN ṢUBÚ NI, Ẹ BI Í LÉÈRÈ LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I.

Onígbàjámọ̀ ni ó kọ́kọ́ kí i. Ó dìde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan, ó ké pé, "Akọni! A ò mọ̀ pé ọkùnrin wà nínú yín!" Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ sì dìde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Télọ̀ Pẹ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò dìde fún un rí. Kí a má parọ́, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀. Ó rìn wọlé bí ẹni tí ó gbé nǹkan mì.

"Ta lò ń fẹ àyà fún?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Àyà náà sì rọ̀.

Àwọn obìnrin kò kí i ní tiwọn. Wọ́n ń wá gba aṣọ wọn ní àìrán. Lẹ́yìn náà ni Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn dé. Òun ni ó gbé iṣẹ́ aṣọ gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì fún télọ̀, iṣẹ́ yìí ni ó sì ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró; bí ó bá bọ́, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù di títì. Mátírọ́ọ̀nù gbé ìdì aṣọ funfun sí èjìká bí ẹni gbé ọmọ tí iná fẹ́ jó.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán lásán ni," ni télọ̀ wí.

"Ọwọ́ tó ń na obìnrin ò ní rán aṣọ fáwọn nọ́ọ̀sì mi."

Ìyàwó télọ̀ sá kọjá títì, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀. "Mà, ọkọ mi ò nà mí rí! Aáyán gan-an, èmi ni mo ń bá a pa á!"

Mátírọ́ọ̀nù wò ó tàánútàánú. "Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn, ọmọ mi."

Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ nìyí: bí obìnrin náà bá dákẹ́, wọn á ní ẹ̀rù ń bà á, bí ó bá sẹ́, wọn á ní ó ń bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí, bí ó bá pariwo, wọn á ní ẹ ò rí bí ìyà ti sọ ọ́ dà. Àwọn ará àdúgbò ń wọ́ wá kí i ní ilé búrẹ́dì, wọn kì í sì í ra búrẹ́dì. Ààrò rẹ̀ ní ilẹ̀kùn onírin tí ń ṣí lọ sókè, tí ó sì máa ń dúró gangan ní iwájú orí ẹni tí ó bá ga. Ó mọ bí a ti ń tẹrí fún un. Ṣùgbọ́n bí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti fa búrẹ́dì jáde ní òwúrọ̀ kan, olùtùnú kan dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Arábìnrin, gbogbo rẹ̀ á dópin." Inú bí i, ó gbérí sókè láti fèsì, kò sì rántí ilẹ̀kùn. Gbì! Kókó tí ó yọ níwájú orí rẹ̀ tó ẹyin adìyẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìpàdé ìlú bọ́ sí. Onígbàjámọ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó pè é ní Ẹgbẹ́ Ọkùnrin Náà Ń Sunkún, ó sì ní pátákó náà gbọ́dọ̀ wó. Ìyá Ọ̀gá, ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó jẹ́ alága Ẹgbẹ́ Ìdáàbòbò Ìdílé, ní kì yóò wó. Gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé.

"Kí ló dé tí ẹ kì í ya àwòrán obìnrin tó ń na ọkùnrin?" ni onígbàjámọ̀ bi wọ́n. "Ẹ ti ba orúkọ ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù yìí jẹ́!"

"Ìwọ tó pè é ní akọni lọ́jọ́ sí?" ni ohùn obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

"Mo ń tù ú nínú ni!"

Ẹ̀rín bú. Télọ̀ Pẹ̀lẹ́ gbé ọmọlangidi rẹ̀ wá síwájú, ó gbé e ka orí tábìlì pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ìyàwó tí mo nà nìyí."

Ẹ̀rín tún bú. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Mátírọ́ọ̀nù dìde. "Ọmọlangidi yìí ò ní orí. Ta ló wá ni kókó tí mò ń wò níwájú orí ìyàwó rẹ?"

"Ilẹ̀kùn ààrò ni!" ni ìyàwó rẹ̀ ké.

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹgbẹ́ akọrin: "Ẹ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i!"

"Mo ní ilẹ̀kùn ààrò ni! Ṣé etí yín di ni?" Ó ju apá sókè nínú ìbínú, télọ̀ sì fò sẹ́yìn ọmọlangidi kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Onígbàjámọ̀ fò sókè. "Ẹ ò rí i? Òun ló ń na ọkùnrin! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rù, ṣé ó ń nà yín?"

"Rárá o."

"Ẹ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i!" ni gbọ̀ngàn ké.

Ìyá Ọ̀gá lu agogo títí tí wọ́n fi dákẹ́. Ó ní níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé tọkọtaya yìí ni ọ̀rọ̀ náà gbá lójú jù, àwọn ni kí wọ́n sọ bóyá kí pátákó wó tàbí kí ó dúró. Télọ̀ rántí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ó ṣófo. Ó la ẹnu láti sọ pé kí ó wó. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e ní èjìká, ó sì sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ní.

"Gbogbo ẹni tó wá kí mi ni mo lé. Ẹnì kan nìkan ni mi ò lé. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́. Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, ó wo kókó orí mi, ó ní, 'Tìẹ náà nìyẹn? Mo rò pé èmi nìkan ni.' Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiẹ̀. Bí mo bá ní ilẹ̀kùn ààrò ni, ì bá dìde lọ. Mo panu mọ́. Abẹ́ pátákó yẹn la ti jọ lọ wo nọ́ńbà. Ó ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí, ó ń sùn dáadáa." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Olówó orí mi, mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù lè tì. Má bínú."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Télọ̀ fi ọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́. "Kí ó dúró," ni ó wí. Onígbàjámọ̀ jókòó jẹ́ẹ́.

Mátírọ́ọ̀nù nìkan ni kò jókòó. "Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹnu wo ọgbẹ́. Ẹ mú mi lọ wo ààrò yẹn."

Ìpàdé dìde, ó tẹ̀ lé e. Àwọn tí wọn kò rí àyè wọlé ti imú mọ́ fèrèsé ilé búrẹ́dì. Mátírọ́ọ̀nù ga tó ìyàwó télọ̀, bí kò tilẹ̀ jù ú lọ. Ó wo ilẹ̀kùn onírin, ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀.

"Mà, bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ tẹrí ba o," ni ìyàwó télọ̀ wí.

"Ọmọ mi, mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó—"

Gbì!

Ohùn télọ̀ dún láti ẹnu ọ̀nà: "Pẹ̀lẹ́ mà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ gbé ìdì aṣọ funfun padà wá, báńdéèjì níwájú orí rẹ̀. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó fà á tọ́.

"Kí wọ́n má fún mọ́ àwọn ọmọ mi lábẹ́ apá," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti àná ni gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì mi ti ń bi mí. Mo ní ilẹ̀kùn ni. Wọ́n ní káwọn bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Inú yín ò bàjẹ́, mà?"

"Inú mi dùn. Èmi ni mo kọ́ wọn. Bàbá ilé mi ni inú rẹ̀ ò dùn. Wọ́n ti lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀."

Kò tíì pa ẹnu dé tí wọ́n fi gbọ́ ariwo níta. Bàbá arúgbó jẹ́jẹ́ kan, ọkọ Mátírọ́ọ̀nù, ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó gbé ìyókù aṣọ náà mọ́ àyà. Onígbàjámọ̀ ti dìde láti orí àga rẹ̀, abẹ lọ́wọ́, ó ń ké pé, "Akọni! A ò mọ̀ pé ọkùnrin wà nínú yín!"

Mátírọ́ọ̀nù yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Ó ká apá aṣọ ọrùn rẹ̀ sókè, ó sì jáde.

Télọ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó wo onígbàjámọ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni ó wí fún un, ó sì mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀.