Ta Ló Yí I sí Òdo?

Torgeir gbé ìka lé bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ìmòòkùn rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dì í mú díẹ̀, òdo yọ lójú kọ̀ǹpútà kékeré náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ení yọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, èjì yọ.

"O rí i, Ingunn? Èjì ni. Ó ti tó ìgbà ogún láàárọ̀ yìí, mi ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ló wá ṣe mí lọ́jọ́ náà?"

Ingunn tẹjú mọ́ àkàrà wọ́ọ̀fù tí Aslaug, ìyàwó Torgeir, gbé síwájú rẹ̀. Wàràkàṣì ti ń yọ́ lórí ẹ̀. Oúnjẹ tó máa ń bẹ̀bẹ̀ fún tẹ́lẹ̀ nìyẹn o, àmọ́ lónìí, bí ìyẹ̀fun gbígbẹ ló rí lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún méjìlá ni wọ́n ti jọ ń mòòkùn létí òkun ìlú Florø. Torgeir ló kọ́ ọ, ọ̀gá ló sì ń pè é. Kọ̀ǹpútà táwọn òmòòkùn ń so mọ́ ọrùn-ọwọ́ bí aago ló ń sọ iye ìṣẹ́jú téèyàn lè lò nísàlẹ̀ kó tó gòkè. Bó o bá yí i sí òdo, á kà ọ́ sí ọ̀dọ́ tára ẹ̀ le koko, á jẹ́ kó o pẹ́. Bó o bá yí i sí èjì, á kà ọ́ sí àgbàlagbà, á tètè lé ọ gòkè. Torgeir, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kì í kúrò lórí èjì. "Ẹni tó bá tètè gòkè ló máa tún wọ omi lọ́la," ló máa ń wí. Òfin wọn sì ni pé, nínú ẹni méjì, kọ̀ǹpútà tó bá le jù ni wọ́n jọ máa tẹ̀ lé. Ni ọ̀rọ̀ bá di pé, gbogbo ìgbà tí Ingunn bá ti kù díẹ̀ kó dé yàrá atukọ̀ nínú ọkọ̀ ńlá tó rì síbẹ̀, kọ̀ǹpútà Torgeir á ké pé ó tó.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà sú u. Torgeir lọ bu kọfí, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì nínú ọkọ̀ ojú omi. Ingunn mú un, ó yí i sí òdo, ó gbé e padà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló ń wá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ikú ẹnikẹ́ni ló ń wá! Ó kúkú mọ̀ pé Torgeir kì í lo awò ojú nínú omi: nọ́ńbà ìṣẹ́jú tó tóbi nìkan ló máa rí, kò ní rí òdo kékeré tó há sí igun.

Wọ́n dé yàrá atukọ̀. Ingunn ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n gòkè, ẹsẹ̀ ọ̀tún Torgeir kú tipiri. Afẹ́fẹ́ tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣí lójijì. Hẹlikọ́pítà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Bergen, wọ́n tì í mọ́ yàrá onírin tí wọ́n fi ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹsẹ̀ náà ti ń sàn.

Àmọ́ dókítà yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó ní òdo ló wà. Torgeir búra pé èjì ni. Dókítà wò ó, ó rọra bi í pé ọdún wo la wà yìí. Àtìgbà náà ni ọkùnrin yìí ò ti sùn dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ ò ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ nígbà tí àrùn ìgbàgbé mú un, tí kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́.

"Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa yẹ ọpọlọ mi wò," ni Torgeir wí. "Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi mi ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Aslaug ò jẹ́ kí n wa mọ́tò mọ́."

"Ṣé kí n wá jẹ́ kó o lọ forí sọ òkè ni?" Aslaug dáhùn nídìí ẹ̀rọ omi tó ti ń fọ abọ́. Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.

Torgeir ti kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ Ingunn. "Gbà, máa lò ó. Ọmọ yìí, dárí jì mí. Bí orí mi bá tún dàrú nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ìwọ ni mo máa pa. Mo fẹ̀mí ẹ wewu, mi ò sì mọ̀."

Dárí jì mí! Ingunn ti kọ̀ǹpútà náà padà síwájú ọ̀gá rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n ta ni òótọ́ yìí máa gba ẹnu ẹ̀ jáde, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n?

"Ọ̀gá, ẹ má ta ọkọ̀ yẹn."

"Họ́wù, kí ló dé?"

"Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Èjì lẹ yí i sí. Èmi ni mo yí i sí òdo nígbà tẹ́ ẹ lọ bu kọfí. Mo fẹ́ dé yàrá atukọ̀ ni."

Aslaug ti ẹ̀rọ omi pa. Ingunn ń retí ariwo, ó tiẹ̀ ń retí àbàrá. Torgeir kàn gbójú lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ingunn rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni.

"Aslaug! O gbọ́ àbí o ò gbọ́? Èjì ni mo yí i sí! Ṣé mi ò sọ fún wọn? Orí mi pé!"

Aslaug sáré wá, ó gbá orí ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà, àtẹni tó ń rẹ́rìn-ín àtẹni tó ń sunkún, kò yàtọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó wo Ingunn.

Nígbà tó yá, Torgeir nu ojú. "Máa lọ sílé, Ingunn."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kó o máa lọ. Inú mi ń dùn báyìí. Jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ díẹ̀ ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹ."

Ingunn wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń gbọ́ ohùn Torgeir lórí fóònù, tó ń sọ fẹ́ni tó fẹ́ ra ọkọ̀ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́, tó ń rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀rọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà nìkan ni Ingunn ti ń kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé inú èèyàn lè dùn tó báyìí láti gbọ́ pé ẹlòmíràn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun.