Ọwọ́ Àlájì Osman

"Kò sí lọ́wọ́ mi," Àdìjátù wí. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára sípì tó ń wọ̀n fún oníbàárà.

Tóyọ̀sí ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fi àṣíborí alùpùpù há abíyá. "Ìyá Bùshrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wò ó dáadáa. Gílóòbù yẹn nìkan ló kù kí rédíò Àlájì fọhùn. Wọ́n ní tó bá wà níbì kankan ní Tamale yìí, ọ̀dọ̀ yín ló máa wà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àlájì fúnra wọn ni, mà."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àdìjátù lọ́kàn. Ohun tí Àlájì sọ kò burú, àmọ́ ẹnu ọmọ yìí ló ti gbọ́ ọ. Ó gé sípì, ó dì í fún oníbàárà. "Mo ti ní kò sí. Bóyá kí o wá a lọ sí Kumasi."

Tóyọ̀sí dúpẹ́, ó tẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìró rẹ̀ ti wọnú ariwo àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó kún títì Nyohini, Àdìjátù wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Gílóòbù náà wà níbẹ̀, wọ́n fi àkísà funfun wé e, kò ní àbùkù kankan. Ó wò ó títí, ó tún un wé, ó sì ti páálí padà.

Òwú, sípì àti bọ́tìnnì ni Àdìjátù ń tà, ṣùgbọ́n rédíò àtijọ́ ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀, àwọn onípákó tó wúwo bí àpótí, tí gílóòbù inú wọn máa ń kọ́kọ́ pọ́n kí wọ́n tó fọhùn. Ará Ìlọrin ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Tamale ní Ghana ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí Bùshrà ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti lọ sílé ọkọ ní ìlú Wa, ilé dákẹ́ ju bó ṣe lè fara dà á lọ. Ó bá gbé rédíò olóògbé tó ti bàjẹ́ lọ sí àdúgbò Gurugu, sọ́dọ̀ Àlájì Osman, àgbàlagbà Dagomba kan, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò. Àlájì kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó jókòó, kó wo bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Àtọjọ́ náà ni kò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn tó fẹ́ràn rédíò àtijọ́ máa ń pàdé lágbàálá Àlájì. Ẹni tó ní bọ́tìnnì rédíò á mú un wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan á fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ojú Àlájì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Àdìjátù ló di ọwọ́ rẹ̀. Àlájì á máa sọ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ fi ọwọ́ ara mi yìí sílẹ̀. Ọwọ́ mi nìyẹn," á sì na ìka sí Àdìjátù. Kò sẹ́ni tó yìn ín rí tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Àfi bí Tóyọ̀sí ṣe dé láti Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ kan tó ń ta oògùn àgbẹ̀ ló gbé e wá, àdúgbò Kanvili ló ń gbé. Ó gbọ́ Hausa díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa rédíò. Ó máa ń fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ, iná á sì ta á. Síbẹ̀, òun ló máa ń jókòó sún mọ́ Àlájì jù lọ, òun náà ló sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Àlájì tó máa ń sùn lẹ́yìn ìrun alásàrì ti wá ń fi tùràrí sára, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fetí sílẹ̀ de alùpùpù. Lọ́jọ́ kan, Àdìjátù gbé rédíò kan wá tó ti tún ṣe pátápátá nílé. Àlájì fọwọ́ pa á, ó ṣàdúrà fún un lédè Hausa, ó sì yíjú padà sọ́dọ̀ Tóyọ̀sí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àdìjátù ro ọkà túó, ó sì dé e sílẹ̀ láìjẹ.

Rédíò Àlájì fúnra rẹ̀ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Bọ́tìnnì fóònù àti ti rédíò kéékèèké ti kéré jù fún ẹni tí kò ríran, ṣùgbọ́n rédíò yìí, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi débi pé ìka lásán lèèyàn lè fi wá iléeṣẹ́ rédíò tó fẹ́ gbọ́. Ó ti pẹ́ tí Àdìjátù ti ń gbèrò láti tún un ṣe fún un, ó kàn ń sún un síwájú ni. Tóyọ̀sí ló kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí kò rí gílóòbù gbà ní Nyohini, Tóyọ̀sí kọ ọ́ sórí Wasáàpù, níbi tí àwọn olólùfẹ́ rédíò àtijọ́ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìdáhùn rọ̀ bí òjò. Ọkùnrin kan ní Accra ní òun ní ọ̀kan, òun yóò fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àdìjátù wà níbẹ̀, ó ń ka gbogbo rẹ̀. Òun náà ti béèrè nǹkan níbẹ̀ rí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Bọ́ọ̀sì gbé ẹrù náà dé. Tóyọ̀sí fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n lórí Wasáàpù: gílóòbù ti fọ́ yángá nínú páálí. Inú Àdìjátù dùn. Ó dùn débi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Lọ́jọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀ fa Àlájì Osman lọ́wọ́ wọlé. Kò wá síbẹ̀ rí látìgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Àdìjátù gbé àga fún un. Hausa ni wọ́n jọ ń sọ.

"Hadíza," Àlájì wí. Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, bí àwọn Hausa ṣe ń pe Àdìjátù. "Páálí tí mo fún ọ nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ṣé ó ṣì wà?"

Àdìjátù wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Ó wà, Bàbá."

"Gílóòbù tí ọmọ yẹn ń wá wà nínú rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un pé irọ́ ni mo pa?"

"Ìwọ ni mo fún. Ìwọ ló yẹ kó sọ ọ́."

Àdìjátù fẹ́ dákẹ́, kò lè dákẹ́. "Ẹ ti rí ọwọ́ mìíràn, Bàbá. Kí lẹ tún fẹ́ fi tèmi ṣe?"

Àlájì wá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ báyìí. O máa ń tún rédíò ṣe tán nílé kí o tó gbé e wá. Mo máa ń fọwọ́ kàn án, mo máa ń ṣàdúrà, ó tán. Ìgbà wo lo bi mí ní nǹkan kẹ́yìn?"

Àdìjátù kò rántí.

"Ọmọ yẹn kò mọ nǹkan kan," Àlájì wí. "Ó máa ń bi mí pé, 'Bàbá, kí nìyí? Kí nìyẹn?' Bí mo bá ń ṣàlàyé fún un, mo tún máa ń rí inú rédíò."

Ó dìde, ó na ọwọ́, Àdìjátù sì mú un padà dé ìdí kẹ̀kẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, Àdìjátù ṣáájú Tóyọ̀sí dé Gurugu. Rédíò wà lórí tábìlì lábẹ́ igi dongoyárò, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bó bá fẹ́, ó lè ki gílóòbù bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó káwọ́ jọ sórí itan títí Tóyọ̀sí fi dé.

"Gbà," ó wí ní Yorùbá. "Ó ti wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ tí o wá. Mi ò fẹ́ fún ọ ni."

Ojú Tóyọ̀sí yí padà. "Ẹ wá jẹ́ kí n máa da àwọn èèyàn láàmú káàkiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni mo ṣe fún yín, mà?"

Àdìjátù wo ibi tí Àlájì jókòó sí. "Ìwọ ló ń bá rẹ́rìn-ín."

Inú Tóyọ̀sí kò dùn, kò sì fi pa mọ́. Ó tú àkísà, ó yí gílóòbù wò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i."

Àdìjátù tan án. Gílóòbù wọlé, wọ́n tan iná, ó pọ́n díẹ̀díẹ̀. Rédíò náà kùn hùn-ùn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kí lẹ rí?" Àlájì béèrè.

Tóyọ̀sí bẹ̀rẹ̀ wò ó, kò rí nǹkan kan. Àdìjátù ti rí i. Ó mọ ohun tó jẹ́, ó mọ ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Bàbá," ó wí ní Hausa, "nǹkan kékeré kan wú nídìí wáyà pupa, ara rẹ̀ ti dúdú. Kí ló máa ń ṣe é?"

Àlájì yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. Bóyá ó mọ̀ pé Àdìjátù mọ̀ ọ́n, bóyá kò mọ̀. Ó fa àga súnwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé rédíò náà wà láàárín wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ láti ibi tí iná ti ń wọlé.

Tóyọ̀sí jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àdìjátù. Láìpẹ́, ó da ọ̀rọ̀ kan sí i, Àlájì rẹ́rìn-ín, ìlara sì tún ru sókè lọ́kàn Àdìjátù. Ó ṣe sùúrù títí ó fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ìbéèrè mìíràn.