Ohùn Tó Wà Nínú Fóònù Àtijọ́

Kí Àṣìkẹ́ tó bí Kòkúmọ́, ó ti bí, ó ti sin, ó tún bí, ó tún sin. Ìgbà tí eléyìí wá dé, tó sì jókòó, ni ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ayétòrò, gbé e sókè níwájú ẹbí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ọmọ yìí kò ní kú mọ́. Lóòótọ́, kò kú. Ó rìn, ó sáré, ó hu irùngbọ̀n. Láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ ni tilé-toko ti ń pe Àṣìkẹ́ ní Màmá Kòkúmọ́, débi pé bí ènìyàn bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ lójú títì, ó lè má wẹ̀yìn. Olúwadárasími, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Dárà, ló tẹ̀lé Kòkúmọ́. Ọkàn ìyá ti balẹ̀ nígbà tí a bí ìyẹn.

Kòkúmọ́ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Ìlaròó nígbà tí bàbá wọn kú. Ó kó ẹrù rẹ̀ wálé, ó ní òun yóò fi ọdún kan mójú tó oko, òun yóò sì padà. Oko kò jẹ́ kó padà. Ó ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ti gbó, ó ń fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko lọ fún àwọn tó ń dín gaàrí, títí dé Ọjà-Ọ̀dàn àti ẹ̀bá ibodè. Dárà ní tirẹ̀ kàwé jáde, ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìkòròdú.

Kòkúmọ́ ló ra fóònù àkọ́kọ́ tó ní ojú gbàgàdà fún ìyá rẹ̀, Android ni. Ó jókòó tì í lórí pèpéle, ó fi àmì mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ hàn án.

"Màmá, tẹ́ ẹ bá ṣìnà, ẹ má dààmú. Èyí tó dà bí ẹnu ọfà yìí ni kí ẹ tẹ̀. Yóò dá yín padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀."

Nítorí pé ìyá a máa gbàgbé ohun tí wọ́n bá bá a sọ lórí fóònù, Kòkúmọ́ tún ṣètò rẹ̀ kí ó máa gba ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí òun bá pè é. Ó gbé àmì pupa kan sí iwájú pátápátá. "Bẹ́ ẹ bá gbàgbé ohun tí mo wí, ẹ tẹ ibí, ẹ ó sì gbọ́ mi."

Dárà kò fẹ́ràn Android rárá. iPhone lòun ń lò. Bí àwọn méjèèjì bá ti pàdé nílé nígbà ọdún, àríyànjiyàn fóònù ni wọ́n fi ń jẹun.

"Ẹ̀gbọ́n, fóònù yín yìí dà bí ilé tí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè wá kọ́ yàrá mọ́," Dárà á wí. "Ìpolówó ń yọjú níhìn-ín, nǹkan mìíràn ń dún lọ́hùn-ún. Ẹ wo tèmi. Ibi tí mo fi nǹkan sí lánàá, ibẹ̀ náà ló wà lónìí."

"Torí pé kò gbà fún ọ láti gbé e kúrò níbẹ̀ ni!" Kòkúmọ́ á bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo rà á, òun ló ń pàṣẹ fún ọ. Tèmi, bí mo bá fẹ́ kí gbogbo ojú rẹ̀ dúdú bí ìkòkò, á dúdú. Bí mo bá ní kí ó gba ohùn Màmá sílẹ̀, á gbà á. Sọ fún tìrẹ kó ṣe é."

"Tèmi ń gba àtúnṣe lọ́dọọdún. Tiyín ńkọ́? Ìgbà wo ni àwọn tó ṣe é rántí rẹ̀ kẹ́yìn?"

"Dárà, wọn ò múná wá láti ìjẹta. Fóònù ta ló ṣì ń tàn nínú ilé yìí?"

Ìyá wọn á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n jẹ́ kí ọbẹ̀ dé ikùn. Inú rẹ̀ a máa dùn. Ọmọ méjì tó ń ṣe àríyànjiyàn lórí ohun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, kí ni ìyá tún ń wá?

Àfi Àjíǹde ọdún kan. Àlejò kún ilé, àwọn ará ìjọ àti ẹbí bàbá wọn. Kòkúmọ́ gba fóònù tuntun lọ́wọ́ Dárà, ó yí i síwá sẹ́yìn lójú gbogbo wọn, ó ní, "Fóònù àfihàn. Gbogbo ohun tí eléyìí ń ṣe, tèmi ń ṣe é. Kí ayé lè rí i lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣe rà á." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ojú ti Dárà, ẹnu rẹ̀ sì yára ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Ẹni tí kò lè parí ìwé, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó dára ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó?"

Kòkúmọ́ gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Ó dìde nídìí oúnjẹ, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀kan kò pe èkejì mọ́. Bí ìyá bá bá Dárà sọ ọ́, á ní ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́kọ́ fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Bí ó bá bá Kòkúmọ́ sọ ọ́, á yí ọ̀rọ̀ sí ti ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń rọ̀ lákọlákọ, Kòkúmọ́ pe ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Bí ó ti máa ń fi èdè Faransé kí i láti ìgbà tó ti ń ná ọjà ibodè náà ló kí i: "Bọ̀ǹsúà, Màmá!" Ó bi í nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí Dárà sọ sí mi, òótọ́ ni. Òótọ́ tó jẹ́ náà ló dùn mí. Mo ti pinnu, Màmá. Mo fẹ́ padà sí ilé ìwé lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má tíì sọ fún un o. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ ọ́, kí n sì tún fi fóònù ẹ̀wọ̀n rẹ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́."

Kò rí i sọ. Ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ tó kún fún ẹ̀gẹ́ yí wọ kòtò. Kí àwọn ọlọ́kadà tó rí i tó fa Kòkúmọ́ yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti pa á.

Níbi ìsìnkú, Dárà kò sunkún. Ó dúró bí igi, ó ń wo ilẹ̀. Àṣìkẹ́ wò ó, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbé ohùn Kòkúmọ́ tó wà nínú fóònù sí i létí nísinsìnyí, ọmọ tó kù yìí lè bá ti ìṣáájú lọ. Ó ní òun yóò dúró kí ara rẹ̀ le díẹ̀. Dárà yóò fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ní jẹ́ àròsọ ìyá tó fẹ́ tu ọmọ nínú.

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Dárà. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́, àánú ló mú wọn ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin kan pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dáhùn, ó kí i dáadáa, ó wọlé, ó jókòó, kò sì gbọ́ ìwàásù kankan. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ tẹ àmì pupa yẹn. "Bọ̀ǹsúà, Màmá!" Láti ìgbà náà, bí ó bá ti parí iṣẹ́ òòjọ́, á jókòó sórí pèpéle, á tẹ ọ̀kan. Kòkúmọ́ ń sọ pé òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Kòkúmọ́ ń bínú sí oníbodè kan. Kòkúmọ́ ń rẹ́rìn-ín lásán. Ẹkún á gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n oúnjẹ á lè wọ ọ̀fun rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọdún yípo. Dárà wálé pẹ̀lú páálí funfun kan lọ́wọ́, iPhone ló wà nínú rẹ̀.

"Màmá, kí n lè máa rí ojú yín dáadáa nígbà tí mo bá ń pè yín," ó wí. "Èyí tí ẹ ń lò ti gbó, ojú rẹ̀ ti là." Àṣìkẹ́ rí i pé ọmọ náà ń gbìyànjú láti ṣe ohun méjì, ti ara rẹ̀ àti ti ẹni tí kò sí mọ́. Ó gbà á, ó súre fún un.

Dárà gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Nǹkan ń kọjá láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì: nọ́ńbà àwọn ènìyàn, àwòrán, ọ̀rọ̀ WhatsApp. Ó fi àwòrán Kòkúmọ́ hàn án nínú tuntun, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín nídìí ọkọ̀. "Gbogbo nǹkan ti kọjá, Màmá." Àṣìkẹ́ gbọ́ "gbogbo nǹkan," ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Báwo ni àwòrán ọmọ yóò ṣe kọjá kí ohùn rẹ̀ má kọjá? Dárà fọ́máàtì èyí àtijọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì fún Nàfíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àṣìkẹ́, tí fóònù tirẹ̀ ti bọ́ sómi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Dárà padà sí Ìkòròdú, ìyá jókòó sórí pèpéle, ó gbé fóònù tuntun sórí itan. Ó wá àmì pupa, kò rí i. Ó tẹ èyí, ó ṣí. Ó tẹ tọ̀hún, ó ṣí. Ó fẹ́ padà, kò rí ẹnu ọfà nísàlẹ̀ mọ́. Ó rántí pé Dárà ní kí òun máa fi ìka fa ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó fà á, gbogbo rẹ̀ wọ́jọ síbi kan náà, àmì rẹgẹrẹgẹ, ó mọ́, ó dán, kò sí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó pe Dárà.

"Níbo ni wọ́n ń kó ohùn sí nínú èyí?"

"Ohùn wo, Màmá?"

"Ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Àwọn ìgbà tó pè mí. Fóònù yẹn a máa gbà á sílẹ̀."

Ó gbọ́ mímí ọmọ náà. "Màmá," ó wí, "àwọn yẹn kì í kọjá. N kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì ni Dárà ti padà dé. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ Nàfíù, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìlaròó, sọ́dọ̀ Bàrúwà tó ń tún fóònù ṣe, tí òun àti Kòkúmọ́ jọ gbé yàrá kan náà nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé. Bàrúwà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tó yọ wáyà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ má bínú, Màmá. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti àwọn ohùn yẹn pa sínú rẹ̀ ni fọ́máàtì ti bà jẹ́. Kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́."

"Ká ní iPhone ni ńkọ́?" Dárà bi í.

"Bákan náà ni, àǹtí. Ibi tí àwọn méjèèjì ti rí bákan náà nìyẹn."

Dárà bọ́ síta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú dé lójú títì Ìlaròó, níwájú àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọmọ ilé ìwé. "Èmi ni mo pa á lẹ́ẹ̀kejì," ló ń wí. Àṣìkẹ́ jókòó tì í, ó gbé orí ọmọ náà sí àyà. Kò jẹ́ kí ẹkún tirẹ̀ jáde. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù tó ní láti gbọ́ ohùn òun.

"Gbọ́," ó wí. "Ó ti dárí jì ọ́." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òótọ́ tó dùn ún, ilé ìwé tó fẹ́ padà sí, àti yẹ̀yẹ́ fóònù ẹ̀wọ̀n.

Dárà gbé ojú sókè. "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, Màmá. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Àṣìkẹ́ la ẹnu. "Bọ̀ǹsú..." Kò lè parí rẹ̀. Ohùn arúgbó obìnrin ló jáde.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, Dárà á pè, ojú rẹ̀ á yọ gbàgàdà nínú fóònù tuntun, ó mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n á kí ara wọn, á sì béèrè pé, "Màmá, ẹ sọ ọ̀kan fún mi." Ìyá á sọ ọ̀kan: ti oníbodè, ti òjò, ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Àwọn tó rántí kò pọ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tán.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ojú Dárà ti jìn wọ inú, ó ní òun kò sùn dáadáa. Àṣìkẹ́ gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń wí pé, "Ó tún sọ lọ́jọ́ kan pé kò sí ẹni tí òun ní tó dà bí rẹ. Ó ní bí òun bá tún ayé wá, ìwọ náà lòun yóò tún mú ní àbúrò." Dárà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí ojú náà kúrò nínú fóònù, Àṣìkẹ́ jókòó, ó ń ronú. Ọjọ́ wo ni Kòkúmọ́ sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ọ̀sán òjò yẹn ni? Ṣé ọjọ́ tó ń ti Ọjà-Ọ̀dàn bọ̀ ni? Ó wá a títí, kò rí i. Ó lè jẹ́ pé ó sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ìyá ló fẹ́ kí ó ti sọ ọ́. Kò síbi tí ó lè tẹ̀ láti mọ̀.

Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Dárà pè. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kíra tán.

"Màmá, èyí tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, ti àbúrò. Ẹ tún un sọ fún mi."

Àṣìkẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ń dúró. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tún un sọ.