Ìdì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tú Wò

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá! Lọ́la ni ìdánwò kọ̀ǹpọ̀sísọ̀n!"

Raliatou ju ìwé rẹ̀ sórí ìdì aṣọ àlòkù tí ìyá bàbá rẹ̀, Àdìzátù, ń tà l'Ádjamé, ní Abidjan. Tàdáwà pupa ni olùkọ́ fi kọ òdo gbàǹgbà sí i. Àrìmíyàù, bàbá ọmọ náà, ti gba àyè fún un nínú ọkọ̀ tí yóò gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń rán ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lọ, sílé ọkọ tí kò fojú rí rí. Àrìmíyàù ní ẹni tó ń gba òdo kò ní nǹkan ṣe nílé ìwé mọ́.

"Kí ni wọ́n ní kí o ṣe?"

"3a + 2b + a. Wọ́n ní ká sọ ọ́ di kúkúrú, mo kọ 6ab. *A* yẹn gan-an, Màmá, kí ni? Lẹ́tà ni, kì í mà ṣe nọ́ńbà!"

Àdìzátù kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ìdì. Ẹrù tó bá bá ọkọ̀ ojú omi kan náà dé, á fi èédú fa ìlà sí i lára; ti ọkọ̀ mìíràn, á ya òbìrí sí i. Kò sì sẹ́ni tí í tú ìdì kó tó rà á.

"Aṣọ mélòó ló wà nínú onílà yìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀. Àmọ́ iye kan náà ló wà nínú gbogbo onílà. Onílà mẹ́ta nìyí, olóbìrí méjì. Mo tún gbé onílà kan wá. Kí la ní?"

"Onílà mẹ́rin... olóbìrí méjì."

"Ṣé wàá lù ú pọ̀ fún oníbàárà?"

"Háà! Ṣé kó lè bú mi?" Raliatou kọ 4a + 2b. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àrìmíyàù wọlé, ẹ̀rín náà kú. "Ṣé o ti di ẹrù ẹ?"

Àdìzátù wo ọmọkùnrin rẹ̀. Lọ́dún 1931, ní ogójì ọdún sẹ́yìn, báyìí náà ni wọ́n ṣe fi òun ránṣẹ́ sí Abidjan bí ìdì tí a ò tú wò, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó fi pàṣán kí i káàbọ̀.

"Àrìmíyàù, àyè kan lo gbà. Èmi ni n ó jókòó síbẹ̀."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yìí? Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́rin ni, Màmá!"

"Ẹnu àgbà ni wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ padà. Tí àwọn ará ilé ọkọ bá fẹ́ búni, kí wọ́n bú mi."

Àrìmíyàù jókòó sórí ìdì kan.

Raliatou ń bá ìyá àgbà di ẹrù. "Màmá, ọjọ́ mélòó lẹ máa lò kẹ́ ẹ tó padà?"

Ìyá àgbà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó na èédú sí ọmọ náà.

"Mi ò mọ̀. Fi lẹ́tà kan síbẹ̀."