Kóńgò Ibòòji

Dúpẹ́ ọmọ mi, mo rí ìyá rẹ lójú àlá. Wọ́n fẹ́ mọ agbègbè tó tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yìí, ìyá rẹ ló sì ń fi kóńgò wọn ibòòji igi tí oníkálukú rù wá. Ti àwọn ará Òkè Ọya kún. Tiwa kò dé ẹnu kóńgò. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin agégẹdú, ẹ ti gé e tán!"

Mo bẹ ìyá rẹ fún èènì.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ mọ̀ pé n kì í ṣojúsàájú. Igi wo lẹ gbìn?"

Mo ní máńgòrò ẹ̀gbẹ́ sàréè rẹ̀. Ó ká ibòòji rẹ̀ bí ẹní, ó kì í sínú kóńgò. Ó kún, ó ń dà sí wa lẹ́sẹ̀, ó tutù.

"Ṣé ó tó?"

Mo fẹ́ sọ pé kò tíì tó, kó lè máa wọ̀n ọ́n lọ, ni mo bá jí.