Adìẹ Tí Ọ̀gá Kì Í Jẹ

Láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti ba àbúrò mi lórúkọ jẹ́, mi ò ṣíwọ́ sísè oúnjẹ fún un, mi ò sì ṣèèṣì bu iyọ̀ jù sí i rí. Àwọn ẹbí ní mi ò lójútì. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé kò síbi tí ọwọ́ mi ti lè tẹ ọkùnrin yẹn bí inú ilé ìdáná rẹ̀.

Aládìẹ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Adìẹ rẹ̀ ló kún inú fíríìsà káàkiri ìlú, nínú ọ̀rá tí wọ́n ya àgbébọ̀ kan sí, tó ń yan lórí koríko bí ìyàwó tuntun. Àbúrò mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò rí koríko kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣa òkú adìẹ láràárọ̀, nítorí wọ́n ń sáré sanra débi pé ẹsẹ̀ wọn kì í gbé wọn, inú ìgbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń sùn sí. Ìyẹn, ó fara dà á. Ohun tí kò lè fara dà ni pé wọ́n á gún èyí tó ń ṣàìsàn lábẹ́rẹ́ láàárọ̀, wọ́n á pa á nírọ̀lẹ́, kí oògùn tó kúrò lára rẹ̀.

Ló bá lọ sọ fún Ṣọ́ọ̀bù Méje, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù méje nígboro, tó ń ra ọjà jù lọ́wọ́ wọn, pé kó jẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ̀. Obìnrin náà ní, "Àwọn oníbàárà mi kì í béèrè ju èló ni lọ." Lójú ẹ̀ níbẹ̀ ló ti pe Aládìẹ lórí fóònù. Aládìẹ ní olè ni, adìẹ ló jí tí òun fi lé e. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ mọ́. Ọkùnrin gìrìpá jókòó sílé, ó kọjú sí ògiri. Aládìẹ kò lé èmi, torí ìyá rẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíì. Ó ní èmi ò kúkú jalè bíi tàbúrò mi. Mo kí i pé ó ṣeun.

Ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé èmi ni mò ń dáná rẹ̀. Adìẹ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kì í wọlé yẹn. Ó ní tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń jẹ àgbàdo, tí wọ́n ń tú ilẹ̀ káàkiri. Àwọn yẹn nìkan ni òun àti ìyá rẹ̀ ń jẹ.

Nígbà tó ní Ṣọ́ọ̀bù Méje àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán, kí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé ọjà tuntun, mo ní, "Ó dáa, sà." Ọ̀dọ̀ Ṣọ́ọ̀bù Méje gan-an ni mo ti lọ ra adìẹ. Mo fi ẹ̀fọ́ bò ó wọlé. Mo dín in, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Adìẹ yìí mà dùn o!" Ṣọ́ọ̀bù Méje ń fa egungun mu. "Ṣé tiyín ni?"

"Tiwa ni!" Aládìẹ fọwọ́ sọ̀yà. "Èyí tí mò ń tà fún yín náà ni mò ń jẹ."

Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Mo gbé àwọn ọ̀rá tí adìẹ náà wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé lórí tíréè.

"Òótọ́ ni, ma. Ṣọ́ọ̀bù yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ni mo ti rà á láàárọ̀ yìí."

Ẹnu Aládìẹ dúró. Ó wò mí, ó wo ọ̀rá, ó wo àwọn àlejò. Kò lè tu ú dànù. Ó gbé e mì.

"Ṣé kí n fi kún un, sà?"

"Mo ti yó."

"Ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan, sà." Mo já itan méjì sínú àwo rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó, ó gé e jẹ, òógùn bò ó. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ìyẹn ì bá ti tó mi.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, tó ti ń dúró kí tirẹ̀ tutù, mú èyí tó rọ̀ jù, ó ń gbé e lọ sẹ́nu. Aládìẹ fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú, ó gbá ẹran náà dànù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ má jẹ ẹ́!"

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ tí epo ti kùn, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀ táwọn àlejò ń jẹ, tí èmi ò gbọdọ̀ jẹ?"

Aládìẹ ń gbé àga rẹ̀ nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Méje rọra gbé egungun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ló kọjú sí, kì í ṣe Aládìẹ.

"Ọmọkùnrin tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, tí wọ́n ní ó jalè... níbo ló wà?"

"Àbúrò mi ni, ma. Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì jù ú sí náà ló ṣì wà."

Ó na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀, ó fẹ́ dìde. Mo sún àwo rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó, ma. Ẹ jẹ ẹ́ tán. Ọjà yín ni."